Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Ń Yan Tọ́bò Tó Bá Mọ́tò Mu

Bí mo bá ti ń kọ nǹkan síbí, ọ̀rọ̀ owó orí lẹ máa ń retí lọ́wọ́ mi. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ẹ má rò pé mo ti fi iṣẹ́ ìṣirò owó sílẹ̀ o. Ìṣirò náà ni, owó náà sì ni, kódà ó lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí bí a ò bá ṣọ́ra.

Ní Third Ward tí ọ́fíìsì mi wà, yunifásítì méjì ló wà níbẹ̀, Texas Southern àti University of Houston, ọdún 1927 sì ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ò ra mọ́tò bí àwa ṣe rà á nígbà tí a dé. Àwa ra èyí tó bá ṣáà ti lè gbé wa dé ibi iṣẹ́ alẹ́. Àwọn ra mọ́tò eré: Scion FR-S, Subaru BRZ, Nissan 350Z, Mazda Miata. Kì í sì í pẹ́ tí wọ́n bá rà á tán tí wọ́n á fi wá bá bàbá wọn pé, "Daddy, mọ́tò yìí ò lágbára tó, mo fẹ́ fi turbo sí i." Bàbá ò mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyá ti ń gbàdúrà. Bàbá á ní rárá, ọmọ á sì fi káàdì gbèsè rà á lẹ́yìn wọn. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tí wọ́n bá kó ìwé báńkì wá sí ọ́fíìsì. Ohun tí mo rò pé ó sàn ju rárá lásán lọ ni pé kí òbí mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi ọmọ.

Third Ward ní àṣà mọ́tò tiẹ̀ o, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Ẹ lọ sí apá MacGregor Park lọ́jọ́ Sunday, níbi tí Martin Luther King Boulevard àti Old Spanish Trail ti pàdé, ẹ ó rí mọ́tò tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní slab: ọ̀dà tó ń dán bíi súìtì, ríìmù onírin tó yọ síta bí ìwo, orin tó ń mi ilẹ̀ tìtì. Àwọn yẹn kì í sáré. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń rìn kí gbogbo ayé lè rí wọn. Bí wọ́n bá ní kí n yan fún ọmọ mi, slab ni n bá yan. Àmọ́ ta ló ń bi mí?

Ó yá, kí ni tọ́bò gan-an? Ẹ rántí ẹwìrì àgbẹ̀dẹ. Iná tó wà nínú iléru àgbẹ̀dẹ ò lè mú irin rọ̀ tí ẹwìrì ò bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà bẹ́ẹ̀ ni. Epo nìkan kọ́ ló ń jó nínú ẹ̀, epo àti afẹ́fẹ́ ni. Epo rọrùn láti fi kún. Afẹ́fẹ́ ló nira, torí ẹ́ńjìnnì ò lè mí ju bí ikùn ẹ̀ ṣe tóbi tó lọ. Tọ́bò ni ẹwìrì tó ń fi tipátipá kó afẹ́fẹ́ sí i nínú. Ibi tí ọgbọ́n wà níbẹ̀ ni pé èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù ló ń yí ẹwìrì yẹn. Abẹ̀bẹ̀ kékeré méjì ló wà lórí irin kan ṣoṣo. Èéfín ń yí ọ̀kan, ìkejì á máa bá a yí, á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, á máa fún un pọ̀. Wọ́n lè yípo ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé àṣẹ fún èrò yìí ní 1905. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn dáadáa ti gbọ́ ohùn ẹ̀: fèrè tí tírélà máa ń fọn tó bá ń gbé ẹrù wúwo gun òkè, tọ́bò ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Èyí ni àwọn ọmọ wa máa ń fò kọjá, wọ́n rò pé èyí tó tóbi jù ló dáa jù.

Tọ́bò ńlá nílò èéfín púpọ̀ kó tó lè yí dáadáa. Ẹ́ńjìnnì kékeré, bíi ti lítà méjì, kì í ní èéfín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ àfi tó bá ti ń sáré gan-an. Nítorí náà, ẹ ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mọ́tò ò ní dáhùn. Ẹ ó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà náà ni gbogbo agbára á dé lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn bá tì yín látẹ̀yìn. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tó gún régé, tí ilẹ̀ gbẹ, ọmọ á rẹ́rìn-ín. Tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń yí kọ̀rọ̀ láti wọ 288 tí òjò ń rọ̀, mọ́tò tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, ẹ̀yìn á yọ̀, iwájú á dojú kọ ibi tí ẹ̀yìn ti ń bọ̀. Ìdí tí mo fi sọ pé ó lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn.

Tọ́bò kékeré ní tiẹ̀ máa ń yára jí. Ẹ fẹsẹ̀ kàn án, ó ti dé. Àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré jù, ẹwìrì kékeré ò lè fẹ́ afẹ́fẹ́ tó mọ́, ó kàn ń se afẹ́fẹ́ gbóná ni. Lápá èéfín náà, ó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ kéré tí gbogbo ìjọ fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà: èéfín á dí, ẹ́ńjìnnì ò ní lè mí síta. Síbẹ̀, bí ẹ bá wo mọ́tò tí ilé iṣẹ́ ṣe fún ìrìn ojoojúmọ́ tó ti ní tọ́bò látilẹ̀, ẹ ó rí i pé èyí tó kéré ni wọ́n sábà máa ń yàn. Wọ́n mọ̀ pé láàárín ìgboro la ti ń wa mọ́tò, láti iná pupa kan dé òmíràn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí o: agbára mélòó lò ń fẹ́? "Púpọ̀" kì í ṣe ìdáhùn. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ní FR-S ọdún 2013 mú ìwé ohun tó fẹ́ rà wá bá mi, kí n bá òun tún un ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè yìí. Ó ní, "Uncle, 500." Mo ní kí ló dé tó jẹ́ 500? Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní 500. Ẹ ò rí nǹkan! Mo ní níbo lo ti fẹ́ lò ó? Ó ní òun ń wà á lọ sí kíláàsì, ó sì fẹ́ máa lọ sí pápá eré lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. A jọ jókòó, a jọ gbà pé 300 tó, ó ju ohun tó nílò lọ pàápàá. Mọ́tò náà fúnra ẹ̀, 200 ló gbé jáde láti ilé iṣẹ́ nígbà tó bá ń yípo 7,000 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ sì jẹ́ lítà méjì.

Ẹ tún kíyè sí i pé agbára tó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì kì í ṣe iye tó dé táyà. Jíà àti àwọn irin tó ń yí á jẹ nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kà á sí owó oṣù: èyí tí ọ̀gá ní òun san yàtọ̀ sí èyí tó wọ báńkì lẹ́yìn tí ìjọba bá ti mú tiwọn. 300 lẹ́nu ẹ́ńjìnnì á kù sí bíi 255 ní táyà. Bí ọmọ bá ń sọ nọ́ńbà fún yín, ẹ bi í pé èwo nínú méjèèjì.

Wàyí o, ìṣirò. Àwọn tó ń ṣe tọ́bò máa ń wọn afẹ́fẹ́ ní pọ́n-ùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Òfin ọwọ́ kan wà tí wọ́n ń lò: pọ́n-ùn afẹ́fẹ́ kan ní ìṣẹ́jú kan á mú agbára ẹṣin tó tó bíi 10 jáde. Ẹ́ńjìnnì tó ń mú 200 jáde, pọ́n-ùn 20 ló ń mí. A fẹ́ 300, pọ́n-ùn 30 nìyẹn. Ẹ pín 30 sí 20, ẹ ó rí 1.5. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbọ́dọ̀ ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀.

Ẹ mọ psi tẹ́ ẹ fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Afẹ́fẹ́ tó wà láyìíká wa náà ní tiẹ̀. Ní Houston, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ, nǹkan bíi 14.7 psi ni. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀ ní 22. Ẹ yọ 14.7 tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kúrò, ó ku 7.35 tí tọ́bò gbọ́dọ̀ fi kún un. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná, èyí tó bá sì gbóná kì í ki tó. Torí náà ẹ jẹ́ ká pè é ní 9. Èyí ni àwọn ọmọ ń pè ní boost.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ìṣirò ò tíì tán. Afẹ́fẹ́ yẹn máa gba inú intercooler kọjá, ìyẹn ohun tó dà bíi radiétọ̀ tó ń mú un tutù, á sì pàdánù bíi 1 psi níbẹ̀. Tọ́bò gbọ́dọ̀ ti ṣe 1 yẹn mọ́ ọn. Lẹ́nu ibi tó ti ń wọlé, fílítà á gba bí ààbọ̀. Èyí tó jáde lẹ́nu tọ́bò jẹ́ 14.7 àti 9 àti 1, àpapọ̀ 24.7. Èyí tó wọlé jẹ́ 14.7 tí a yọ 0.5 kúrò nínú ẹ̀, ó ku 14.2. Ẹ pín 24.7 sí 14.2, ẹ ó rí 1.74. Nọ́ńbà méjì tí à ń wá ti pé nìyẹn: pọ́n-ùn 30, àti 1.74.

Ẹ fi kékeré yìí ṣeré: ká ní Jos ni mọ́tò yìí wà, tó ga tó bíi mítà 1,200, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò ju bíi 12.7 psi lọ. Boost 9 kan náà, 1.74 yẹn á di 1.86. Tọ́bò á ṣiṣẹ́ ju ti Houston lọ, síbẹ̀ agbára tó máa rí ò ní tó ti Houston. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kéèyàn kó ìṣirò ará Denver wá sí Texas.

Nọ́ńbà méjèèjì yìí là ń gbé lọ sórí màápù. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ ló máa ń tẹ màápù jáde fún tọ́bò kọ̀ọ̀kan, Garrett ń ṣe é, BorgWarner ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá lè ka àwòrán inú ìwé ìròyìn báńkì lè kà á. Ìlà ìsàlẹ̀ ń sọ iye afẹ́fẹ́, ìlà tó lọ sókè ń sọ iye ìfúnpọ̀, ìyẹn 1.74 wa. Láàárín, ẹ ó rí àwọn òbìrìkìtì tó wà nínú ara wọn, bí ìgbà tí a bá sọ òkúta sódò. Èyí tó wà láàárín gbùngbùn ni ibi tí tọ́bò ti ń ṣiṣẹ́ láìfi agbára ṣòfò, ó lè tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe ń jìnnà sí i ni ó ń burú sí i, ó di 70, ó di 65, ó di 60.

Ìlà kan wà lápá òsì tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Lẹ́yìn ìlà yẹn, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò tì lọ kò rí àyè wọ inú ẹ́ńjìnnì, á yí padà, á tún já lu abẹ̀bẹ̀ tó tì í. Tọ́bò á máa wúkọ́, á máa gbọ̀n, irin tó gbé e ró á sì jẹ tán ṣáájú ọjọ́. Àwọn ọmọ kan wà tó fẹ́ràn ohùn yẹn o, wọ́n á ní ó dùn. Ó dùn bí ikọ́ ṣe dùn. Lápá ọ̀tún, ibi tí àwọn òbìrìkìtì parí sí, afẹ́fẹ́ ò lè gba ẹnu tọ́bò kọjá mọ́. Ìwọ̀n ẹ̀ ti pé nìyẹn.

Àmì kan ò tó lórí màápù, méjì ló yẹ ká fi síbẹ̀. Àmì àkọ́kọ́ ni ti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré jù, pọ́n-ùn 30 wa. Ìkejì ni ti ìgbà tí kò tíì sáré. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yípo 3,500, ìdajì 7,000, tí tọ́bò sì ti fún afẹ́fẹ́ tó 1.74, afẹ́fẹ́ tó ń lò á jẹ́ nǹkan bí ìdajì, pọ́n-ùn 15. Ẹ wá wo ibi tí àmì méjèèjì bọ́ sí. Bí ti 15 bá bọ́ sẹ́yìn ìlà òsì tàbí tó fẹ́ kàn án, tọ́bò yẹn ti tóbi jù. Bí ti 30 bá bọ́ sí etí ọ̀tún níbi tí nọ́ńbà ti di 60, ó ti kéré jù. Bí méjèèjì bá wà láàárín, tí ti 30 sì kù díẹ̀ kó dé etí, a ti rí èyí tó wọ̀ nìyẹn.

Ohun tó wà nínú ìwé ọmọ náà ni Garrett G35-900. Nínú ìran G yìí, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn orúkọ ni agbára tó ga jù tí ilé iṣẹ́ ní ó lè gbé. 900! Fún ẹ́ńjìnnì lítà méjì tí a fẹ́ 300 lára ẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n bá fi ìkòkò ìnáwó se ìrẹsì ẹni mẹ́ta ni. Èyí tó kéré nínú ìran yẹn, G25-550, ilé iṣẹ́ ní ibi 300 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ dé 550. Tọ́bò àtijọ́ kan náà wà, GT2860RS, tí wọ́n ní ó wà fún 250 sí 360, fún ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 sí 3.0. Ẹ ò rí i pé 300 wa bọ́ sáàárín ti GT2860RS gan-an? Nọ́ńbà orúkọ ẹ̀ náà ní ìtumọ̀: 60 yẹn ni fífẹ̀ abẹ̀bẹ̀ afẹ́fẹ́ ẹ̀ ní mìlímítà. Àmọ́ ẹ má fi orúkọ nìkan rajà. Ẹnu tí abẹ̀bẹ̀ náà fi ń mu afẹ́fẹ́ wọlé tún ní fífẹ̀ tiẹ̀, tọ́bò méjì tó jọ jẹ́ 60 lè yàtọ̀ níbẹ̀, màápù wọn á sì yàtọ̀. Màápù ni òótọ́.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kìlọ̀ nípa ayédèrú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà Ládipọ̀ ní Mushin ò nílò kí n ṣàlàyé. Àwọn tọ́bò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí iye owó wọn kéré gan-an, tí wọ́n kọ orúkọ tó jọ ti gidi sí lára. Àléébù wọn kì í ṣe irin burúkú nìkan. Wọn ò ní màápù. Ohun tí kò ní màápù, a ò lè ṣírò ẹ̀, owó tí a bá fi rà á, tẹ́tẹ́ la fi ta.

Apá èéfín náà ní ìwọ̀n tiẹ̀. Ilé irin tó yí abẹ̀bẹ̀ èéfín ká máa ń ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní A/R. Ẹ ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi rí? Omi á yára, á sì ta jìnnà, ṣùgbọ́n iye omi tó ń jáde á dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni A/R ṣe rí. Nọ́ńbà kékeré, èéfín á yára, tọ́bò á tètè jí. Nọ́ńbà ńlá, á pẹ́ kó tó jí, ṣùgbọ́n kò ní dí nígbà tí eré bá pọ̀. GT2860RS ní 0.64, ó sì ní 0.86. Fún mọ́tò tó ń lọ sí kíláàsì, 0.64 ni mo fọwọ́ sí.

Ooru Houston kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ká sọ pé afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ 95 Fahrenheit, ẹ̀yin náà mọ̀ pé inú rere lèyí nínú oṣù August. Tọ́bò fún un pọ̀ dé 1.74. Bó bá ń ṣiṣẹ́ níbi ìdá 75 lórí màápù, afẹ́fẹ́ tó jáde á gbóná tó bíi 220. Bó bá jẹ́ níbi ìdá 60, á tó bíi 250. Boost kan náà ni o, 9 psi náà ni aago á máa fi hàn. Ẹni tó bá ní "èmi àti lágbájá ń lo 9 psi, bákan náà la jọ wà" ò mọ ohun tó ń sọ.

Kí ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń ṣe? Ó ń jẹ́ kí epo gbiná ṣáájú àsìkò nínú ẹ́ńjìnnì. Òyìnbó ń pè é ní knock. Àṣìgbọ́ wà níbí láàárín bàbá àti ọmọ: nílé, bí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ó ti kú nìyẹn, kí a lọ wá òmíràn. Ti ibí, ìbúgbàù kéékèèké ni, ó lè ṣẹlẹ̀ kí ẹ má tilẹ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe lemọ́lemọ́, á gbé wa dé ti ilé. FR-S yìí sì nira ju ọ̀pọ̀ lọ, torí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ ní ìlọ́po 12.5 fúnra ẹ̀ kí tọ́bò tó dé rárá. Epo 93 ló kéré jù tó yẹ kó máa mu. Àwọn míì ń lo E85, tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì tutù, àmọ́ ó ń fẹ́ epo púpọ̀ sí i, ìyẹn ni pé páǹpù àti ẹnu tó ń tú epo náà gbọ́dọ̀ tóbi sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1962, Oldsmobile ta mọ́tò kan tó ń jẹ́ Jetfire, ó wà lára mọ́tò àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé lè rà pẹ̀lú tọ́bò nínú ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní 10.25, ó ga jù fún tọ́bò nígbà yẹn, nítorí náà wọ́n ní kí onímọ́tò máa bu omi tí wọ́n pò mọ́ methanol sínú táǹkì kékeré kan kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Àwọn tó ra mọ́tò ò rántí bu omi náà. Lọ́dún 1963 ni wọ́n ṣe é mọ, ilé iṣẹ́ náà sì wá ń bá àwọn oníbàárà yọ tọ́bò kúrò. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè rí èyí, kí ni ti ọmọ ogún ọdún?

Irin inú ẹ́ńjìnnì náà ní ibi tó lè fara dà á mọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì FR-S kì í fẹ́ kọjá bíi 300 ní táyà láìpààrọ̀ kọ́ńrọ́ọ̀dù. Ẹ rántí pé 300 wa, lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ni, 255 ní táyà, a ṣì ní àyè. Èyí ló jẹ́ kí ìwọ̀n tọ́bò jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá ra tọ́bò 900, tó bá fẹ́ kó wúlò, á pààrọ̀ kọ́ńrọ́ọ̀dù, á pààrọ̀ písítìnì, á pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, jíà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìwé tí ọmọ yẹn mú wá, $3,750 ló wà lórí ẹ̀: tọ́bò, páìpù, intercooler, àti ohun tó ń ṣe "pshhh" tí gbogbo wọn ń fẹ́. Kò sí owó ẹni tó máa tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kọ, láìsí ìyẹn ẹ́ńjìnnì ò ní pé ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ti epo, kò sí ti páìpù òróró, kò sí owó iṣẹ́. Nígbà tí mo kọ wọ́n kún un, ó lé ní ìlọ́po méjì. Mo tún fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀: owó ẹ́ńjìnnì míì. Ẹni tí kò bá lè fi owó yẹn sílẹ̀ ní báńkì láìfọwọ́ kàn án, kó má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ti òfin, ní ṣókí. Láti January 1, 2025, Texas ò béèrè àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún lọ́wọ́ mọ́tò ara ẹni mọ́, àwọn ọmọ sì rò pé àyẹ̀wò ti tán pátá. Kò tán. Ní Harris County, àyẹ̀wò èéfín ṣì wà. Wọ́n á ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà mọ́tò, bí iná "check engine" bá ń tàn, ó ti já nìyẹn. Òfin ìjọba àpapọ̀, Clean Air Act, ò gba kí ẹnikẹ́ni yọ catalytic converter. Bí ẹ bá rí tọ́bò tó ní nọ́ńbà EO láti ọ̀dọ̀ CARB ti California, àmì pé wọ́n ti yẹ èéfín ẹ̀ wò nìyẹn, mo máa sanwó lé e. Lórí wáráńtì, òfin Magnuson-Moss ti 1975 ò jẹ́ kí oníṣòwò mọ́tò kàn sọ pé torí ẹ fi nǹkan sí i, òun ò ṣe mọ́. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé nǹkan náà ló fa ìbàjẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá fi tọ́bò sí i tí písítìnì fọ́, kò ní pẹ́ kó tó fi hàn. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. Mo mọ̀ pé owó á lé. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n kọ̀ láti san nígbà tí mọ́tò bá ti wó.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ojú títì kì í ṣe pápá eré, ọlọ́pàá Texas lè wọ́ mọ́tò lọ. Houston Raceway Park tó wà ní Baytown ti kógbá wọlé ní 2022, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé kò síbi tí àwọn máa lọ. MSR Houston wà ní Angleton fún ẹni tó fẹ́ yí kọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ sáré gbọọrọ, Texas Motorplex wà ní Ennis, lójú ọ̀nà I-45 tẹ́ ẹ bá ń lọ Dallas.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ̀ lé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí ariwo ibẹ̀ dẹ́rù bà yín. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ ní kí ọ̀gá ibẹ̀ tẹ màápù tọ́bò náà jáde sórí ìwé, kó sì fi bírò fi àmì méjèèjì síbẹ̀ lójú yín, ti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yípo 3,500 àti ti 7,000. Bó bá ní kò pọn dandan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín, kí ẹ wá ṣọ́ọ̀bù míì lọ.